Kí Ló Fi Sílẹ̀?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. Iná mànàmáná ti lọ, Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn, èmi náà fi àpótí jókòó tì wọ́n. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, mo tún un kà, mo sì dojú fóònù náà dé itan mi. Àgbà kò nílò iná kí ó tó mọ̀ pé ojú ọmọ òun ti yí padà.

"Àníkẹ́, ṣé òun ni? Kí ló wí?"

Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi, ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́. Mo kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Mo ti túmọ̀ ìwé ìlànà oògùn, ìpolówó ọṣẹ, ìwé àdéhùn ilé yíyá, àti ìwé ètò ìgbéyàwó tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan péré ló dá mi lọ́nà. Ọkùnrin tí mò ń fẹ́ kọ̀wé láti Ìlú Ọba pé òun kò tíì ṣe tán fún "commitment".

"Ó ní òun kò tíì ṣe tán, Màmá."

"Kò tíì ṣe tán láti ṣe kí ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo ní ẹ̀fọn pọ̀ jù níta, mo sì wọlé lọ sùn. Oorun kò wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ọdún kẹrin rèé tí a ti ń fẹ́ra. Ọdún méjì nínú rẹ̀ ni ó ti lò ní Ìlú Ọba, níbi tí ó ti lọ gba oyè kejì, tí ó sì ti ríṣẹ́ sí. Àwọn òbí wa ti fẹnu kò pé ní oṣù Kejìlá, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò wá sílé wa fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Yorùbá ni a fi ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ wa, òun náà ni a fi ń jà. Nígbà tí mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ èyí, àyà mi já kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo sí olólùfẹ́ rẹ̀, tí ó sì lọ yá èdè ẹlòmíràn sọ ọ́, ó ń wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí.

Lóru ọjọ́ náà, mo to àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi dípò "commitment" sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìpinnu, ìdúróṣinṣin, àdéhùn, ìfọkànsìn, ìfarajìn. Ìfarajìn ni èmi fúnra mi máa ń lò jù nínú iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún Ìyá àgbà pé ọmọkùnrin náà kò tíì ṣe tán fún ìfarajìn, mo mọ ohun tí wọn yóò wí. Wọn yóò ní, "Ta ló ní kó fi ara rẹ̀ jìn? Ṣé àgbò iléyá ni?"

Nítorí náà, mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi láti máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó. Mo padà lọ sí orírun rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "commit" wá. Apá méjì ló ní. "Com" ni "papọ̀", "mittere" sì ni "rán" tàbí "jẹ́ kó lọ". Ní èdè Látìn, a lè lo ọ̀rọ̀ náà fún síso nǹkan méjì pọ̀, a sì lè lò ó fún fífi ohun tí a ní lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú "mission", iṣẹ́ tí a rán ènìyàn, àti "message", iṣẹ́ tí a rán sí ni. Ìyá kan náà ló sì bí "promise", ìlérí. "Promise" ni kí a rán nǹkan síwájú. Ẹni tó ṣèlérí ti rán ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ṣáájú ara rẹ̀, ó sì ku kí òun náà tẹ̀ lé e débẹ̀. Bí kò bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò dúró lójú ọ̀nà bí ọmọ tí òbí rẹ̀ gbàgbé láti wá mú nílé ìwé.

Mo ronú sí èyí, mo sì rántí ohun tí àwa Yorùbá ń pe ẹni tí a ti bá ṣe ìpinnu ìgbéyàwó ṣùgbọ́n tí a kò tíì mú wọlé. Àfẹ́sọ́nà. Ẹni tí a fẹ́, tí ó sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìrìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà kì í ṣe ẹni tó ti délé, kì í sì í ṣe ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ tí kò gbéra.

Ohun mìíràn tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín láàárín òru. Nígbà tí "commit" wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀kan nínú àwọn ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni fífi ènìyàn lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ kí wọ́n tì í mọ́lé. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, rírán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń pè ní "commitment". Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí ó tó di ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin àti obìnrin ń bá ara wọn sọ. Bóyá ìdí nìyí tí ojora fi ń mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ìró ṣẹkẹṣẹkẹ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́, inú kíláàsì lítíréṣọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní 1945, òǹkọ̀wé ará Faransé kan, Jean-Paul Sartre, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò yẹ kí òǹkọ̀wé dá ara rẹ̀ yà kúrò nínú ìṣòro àwùjọ rẹ̀. "Engagement" ni ọ̀rọ̀ Faransé tí ó lò. Nígbà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń túmọ̀ rẹ̀, "commitment" ni wọ́n pè é. Nítorí náà, mo fi "commit" sílẹ̀, mo tẹ̀ lé "engage" lọ, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ fún mi.

"Gage" ni ìdógò. Ohun tí o fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí o jẹ ní gbèsè, kí ó lè gbà gbọ́ pé ìwọ yóò padà wá, ni "gage". Láti "en gage" ni "engage" ti wá, ìyẹn ni pé nǹkan ti wà ní ìdógò. Kì í sì í ṣe Látìn ló bí i. Àwọn ẹ̀yà Frank, tí èdè wọn bá ti Jámánì tan, ni àwọn ará Faransé ti gbà á. Ní apá kan ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń fi "g" pe ohun tí àwọn apá kejì ń fi "w" pè, bí àwọn Èkìtì ti ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n sì ń pe iṣu ní uṣu. Láti apá "w" ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "wage", owó iṣẹ́, gbà. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì ti ní ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ yìí nílé láti ayé àtijọ́: "wed". Ìdógò ni "wedd" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Nígbà tí àwọn baba ńlá wọn bá sọ pé ẹnìkan ti "wed", wọn kò sọ̀rọ̀ kéèkì, wọn kò sọ̀rọ̀ aṣọ funfun, wọn kò sì sọ̀rọ̀ bí ọkàn ẹni náà ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti fi nǹkan dógò. Títí di òní, "Wette" ni àwọn ará Jámánì ń pe tẹ́tẹ́ tí ènìyàn méjì fi owó sílẹ̀ ta. "Mortgage", ọ̀rọ̀ tí ilé ìfowópamọ́ máa ń fi pe ilé tí a fi yáwó, wà nínú ẹbí náà pẹ̀lú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé àtijọ́ ni ìdógò tó ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìdógò kò ṣàjèjì sí wa. Ní ayé àtijọ́, bí ẹnìkan bá yáwó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà náà ni yóò sì máa dúró fún èlé títí wọn yóò fi san owó orí rẹ̀. Ìyà wà nínú ètò náà, n kò sì gbàdúrà kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó yé mi pé ìran tiwa náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó láti fi gba ohun iyebíye lọ́wọ́ ẹni. "Ẹnu dùn ún ròfọ́", àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọjọ́ ìdána ní ìlú wa. "Engagement" ni. Nígbà kan rí, mo máa ń bínú sí i. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìdána kì í ṣe "engagement", pé òyìnbó máa ń kúnlẹ̀, yóò yọ òrùka, ó sì parí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, mo ti rí i pé àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sún mọ́ orírun ọ̀rọ̀ náà ju bí èmi ti rò lọ. Ẹ rántí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, iṣu tí wọ́n tò, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, agbọ̀n èso, àpótí aṣọ. Alága ìdúró dúró fún ẹbí ọkọ, alága ìjókòó jókòó fún ẹbí ìyàwó. Gbogbo ojú ló rí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó ti wà ní "gage".

Òrùka pàápàá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní, ṣàkọsílẹ̀ pé òrùka irin tí kò ní òkúta kankan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà ní ayé tòun. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe dáyámọ́ńdì. Irin ṣáá ni, ẹ̀rí tí ọwọ́ lè dì mú.

Àwọn ará Róòmù tún ní ọ̀nà mìíràn. Bí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe àdéhùn tí òfin yóò mọ̀, ojúkojú ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀kan yóò béèrè pé, "Spondesne?" Ìyẹn ni, "Ǹjẹ́ o jẹ́jẹ̀ẹ́?" Èkejì yóò ní, "Spondeo." "Mo jẹ́jẹ̀ẹ́." Ó parí. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni "spouse" ti jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọkọ tàbí aya, àti "sponsor", onígbọ̀wọ́. Àwọn ará Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan tó bá a tan, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni títa ọtí sílẹ̀ fún àwọn òrìṣà. Bí ìlú méjì bá fẹ́ fi ogun sílẹ̀, wọn yóò ta wáìnì sílẹ̀, orúkọ ọtí tí wọ́n ta sílẹ̀ yìí náà ni wọ́n sì ń pe àdéhùn àlàáfíà wọn.

Ibí yìí ni mo ti dìde jókòó lórí ibùsùn. Àwa náà ń mulẹ̀. Ẹni tí a bá jọ mulẹ̀, a ti fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láàárín wa, nítorí ilẹ̀ ni gbogbo wa ń tẹ̀, òun náà ni yóò gba gbogbo wa nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn, a ní ó dalẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá sì dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Àwọn ará Gíríìkì kò gbọ́ Yorùbá, àwa náà kò sì gbọ́ Gíríìkì, síbẹ̀ ilẹ̀ ni àwa méjèèjì wò nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló tún kù nínú ẹbí "spouse", òun ló sì wá dá sẹ̀ríà fún mi nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà ni "respond". Lónìí, dídáhùn lásán ni. Ní Látìn, ohun tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí ni kí a jẹ́jẹ̀ẹ́ padà fún ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wa. N kò tíì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dá mi lójú kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kan "troth". Bí ẹ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń lo ìwé àdúrà àwọn Áńgílíkà ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1549, ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ àti ìyàwó. Ẹ ó sì ti gbọ́ "plight" pẹ̀lú rẹ̀. Ewu ni "plight" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá "plight" ohun kan ti fi ohun náà wéwu nítorí ẹlòmíràn. "Troth" sì ni "truth", òtítọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kí ìpè tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí "truth" tó di orúkọ ohun tó bá bí nǹkan ṣe rí mu, ìṣòtítọ́ sí ènìyàn ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Yorùbá kò yà wọ́n. Bí mo bá ní ẹnìkan jẹ́ olóòótọ́, mo lè máa sọ pé kì í purọ́, mo sì lè máa sọ pé kì í dalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó dá èdè yìí sílẹ̀ kò gbà pé ènìyàn lè jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ èkejì. Ẹ wo "fiancé" náà, tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún ìgbàgbọ́ ni ó ti wá, ibẹ̀ gan-an sì ni "affidavit" ti wá, ìwé ìbúra tí a máa ń lọ ṣe ní kóòtù nígbà tí orúkọ wa kò bá dọ́gba nínú ìwé ẹ̀rí méjì. Ọkùnrin tí mò ń fẹ́ àti ìwé ìbúra kóòtù jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni "pledge". Lónìí, ìlérí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Faransé àtijọ́ fi lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ènìyàn ni "pledge" lè jẹ́. Ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn, tó ní bí eléyìí kò bá wá, ẹ mú mi. Onídùúró. Ní ayé àwọn ọba Norman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní "frankpledge". Wọ́n pín àwọn ọkùnrin sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ṣẹ̀, ọrùn àwọn yòókù ni ó wà láti mú un jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò san ìtanràn.

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti tò fún mi. Nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ bí nǹkan ṣe ń rí lára. Orúkọ ohun tí a ṣe ni wọ́n: a rán an, a fi dógò, a tà á sílẹ̀, a fi wéwu, a dúró fún un. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò tíì "ṣe tán" nínú ọkàn òun. Bóyá o fi nǹkan sílẹ̀, bóyá o kò fi nǹkan sílẹ̀, gbogbo ayé ló rí i. Òfin pàápàá kà á sí ohun tí a ṣe. Títí di 1970 tí wọ́n ṣe òfin tó fagi lé e, ẹni tí wọ́n bá ṣèlérí ìgbéyàwó fún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò sì mú un ṣẹ, lè gbé ẹni náà lọ sí kóòtù kí ó sanwó ìtanràn.

Mo rò pé mo ti rí ohun tí n ó fi bá ọmọkùnrin náà jà. Mo lọ bá Ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ òwúrọ̀.

"Màmá, mo ti mọ ohun tó wí. Ó ní òun kò tíì ní ohun tí òun lè fi sílẹ̀."

Wọ́n gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. "Ó dára. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fi sílẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ sọ pé mo ti dúró dè é. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ènìyàn purọ́, àwọn àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rántí "respond". Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà ti bi mí pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ṣé èmi yóò wá bá òun ni, àbí kí òun máa múra àtipadà wálé. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo dá a lóhùn pé, "A ó máa wò ó." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Kí ni òǹkọ̀wé Yorùbá fẹ́ lọ ṣe ní ìlú tí kò sí ẹni tí yóò kà á? Ta ni yóò máa jókòó ti Ìyá àgbà ní alẹ́? N kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún un. "A ó máa wò ó" ni "commitment" tèmi, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí náà n kò rí i pé ìbòjú ni. Ó bi mí ní "Spondesne?" lẹ́ẹ̀mẹta. N kò jẹ́jẹ̀ẹ́. Kí ni mo fẹ́ kí ó fi dáhùn?

Mo pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò mẹ́nu kan Látìn. Mo ní, "Má fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ ọ́. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́. Ó ní ìwé ìgbélùú òun so mọ́ iṣẹ́ òun, bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé náà lọ nìyẹn. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ẹbí òun wá jókòó sórí ẹní nílé wa, kí wọ́n máa bá òun ṣèlérí ilé tí òun kò mọ ìlú tí yóò wà. "Mo sì ti bi ọ́, Àníkẹ́. O ò fún mi lésì."

"Mo mọ̀. Gba èsì náà báyìí." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. "Mà á wá bá ọ fún ọdún méjì. Mà á máa ṣiṣẹ́ mi láti ibẹ̀. Bí ọdún méjì bá pé, a ó jọ jókòó, a ó sì jọ pinnu, bó bá sì jẹ́ ilé ni, ilé ni. Ohun tí mo fi sílẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ wọ ilé wa. Wọn kò gbé iṣu, wọn kò gbé ọtí. Ara wọn nìkan ni wọ́n gbé wá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n ní àbúrò àwọn kò ní lè wálé ní oṣù Kejìlá nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ kí a sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ di àkókò ọdún Àjíǹde. "Kò rán mi wá tọrọ ọjọ́ lásán, Bàbá. Ó ní kí n wá dúró fún òun. Bí ó bá yẹ̀, ẹ má wá a kiri. Ẹ wá bá mi ní Ọ̀yọ́."

Bàbá mi kò tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé omi wá fún àlejò, kí n sì mú obì wá.

N kò lè sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti parí sí rere. Ọdún Àjíǹde kò tíì dé. Màmá mi ṣì ń bínú nítorí aṣọ ẹbí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òru kan wà tí ẹ̀rù ọdún méjì náà ṣì máa ń jí mi. Ṣùgbọ́n n kò dúró lórí òfìfo mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni ọ̀rọ̀ èmi àti àfẹ́sọ́nà mi dé, mo ní ohun tí mo lè nawọ́ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun kò tíì ṣe tán fún "commitment", tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ẹ má tíì jà. Ẹ má sì bi í bóyá ó nífẹ̀ẹ́ yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó nífẹ̀ẹ́ yín dáadáa. Ẹ bi í ní ìbéèrè Ìyá àgbà. Kí ẹ tó bi í, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n náà lọ, mo tún jókòó ti Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Iná ti dé, ṣùgbọ́n wọn kò gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ o. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ òfo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá?"

"Ó fi ènìyàn sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí ló tún kù?"